Ìpè Orúkọ

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti ka bébà yìí síta:
n'Íbàdàn, níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń wo aago;
n'Ífẹ̀, níbi tí ẹnìkan ti ní kí n lọ tún àkọlé rẹ̀ ṣe;
ẹ̀ẹ̀mejì nínú kọ̀ǹpútà, tí ojú ènìyàn kéré bíi sítáǹbù.
Ìgbà karùn-ún rèé, ní Ẹ̀pẹ́,
nínú gbọ̀ngàn kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò ní Ayétòrò,
àga oníke mọ́kàndínlọ́gbọ̀n,
àwọn tí mo kọ ìwé nípa wọn ló jókòó sórí wọn.

Ẹ̀rù bà mí.
Ó rọrùn láti tú ọgbẹ́ ènìyàn wò
nígbà tí ẹni tó ni ín kò sí níbẹ̀.

Mo tan àwòrán sára ògiri:
òpó pupa, òpó búlúù.
Mẹ́fà nínú mẹ́wàá kì í sùn di ìdájí.
Mẹ́rin nínú mẹ́wàá kò fẹ́ gbọ́ nọ́káòtù lóṣù Disẹ́ńbà.
Kọ́pùrà Súbérù nawọ́:
"Ọmọ mi, nínú àwọn òpó yìí, èwo lèmi?"
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín.
Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé, òun kì í sùn nínú ilé.
Inú ọkọ̀ ni, lórí ọ̀sà, wọ́n so ó mọ́ èèkàn.
"Ẹsẹ̀ kì í dún lórí ilẹ̀ tútù. Mo ti rí ìyẹn.
Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yọ́ bá ọ lójú omi,
omi á kọ́kọ́ sọ fún ọ."
Ó ní òórùn ẹja yíyan náà... ó dákẹ́.
Ní Ẹ̀pẹ́! Níbi tí èéfín ẹja ti ń wọlé kí onílé tó dé.
Kò parí ọ̀rọ̀ náà. N kò bi í.

Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ dìde lẹ́yìn,
Múínátù, tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìkésíni
torí pé kò bá wọn lọ sógun.
"Ẹ jẹ́ n sọ ti òru."

Lóru, ó ní, ọkọ òun á máa pe orúkọ láti inú ọkọ̀.
Músá Bíú. Tẹrúńgwá. Ògúngbèmí. Ẹ́tímù.
Mẹ́rìnlá. Ẹnikẹ́ni kì í dáhùn.
Á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí Músá, títí ilẹ̀ á fi mọ́.
Lóru ọjọ́ kan, òun ró aṣọ mọ́ àyà,
òun dúró létí omi nínú òkùnkùn, òun ki ohùn nípọn:
"Sà!"
Ó pe èkejì. "Sà!"
Nígbà tó dé orí ẹ̀kẹrìnlá, ó ní, "Ó pé,"
ó sì sùn.

Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta.
Lọ́dún tí ikọ́ gba ohùn lọ́wọ́ òun, àkọ́bí wọn ló dáhùn.
"Ẹ́tímù gbọ́dọ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó jẹ́," ó ní.
"Bó bá yá jù, ọkọ mi á mọ̀."

Ojú ìwé kejìlélọ́gọ́fà nínú iṣẹ́ mi,
mo kọ ọ́ síbẹ̀, mo fa ìlà sí i nídìí:
àwọn ìyàwó kò mọ ohun tó ń ṣe ọkọ wọn.

Mo pa ẹ̀rọ náà.

Ẹnìkan wá béèrè ìdí tí mo fi mú iṣẹ́ yìí.
N'Íbàdàn, èsì mi ni pé àlàfo wà nínú ìmọ̀.
Àlàfo wà lóòótọ́. Yàrá ìyá mi ló wà.
Bàbá mi lọ sí Làìbéríà, ó dé,
ó ń jókòó kọjú sílẹ̀kùn,
bó bá sì di òru, òun náà a máa pe orúkọ.
Àwa ọmọ a máa fi ìrọ̀rí bo etí.

Ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ti ń mi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.
Múínátù kò tíì jókòó.
"Orúkọ mélòó ni?" ó bi mí.

N kò mọ̀, Ìyá.
A ò kà wọ́n rí.